6.1 ti Ifẹ̀ àti 110 ti Iléṣà: ṣúgà kan náà ni

Ẹ kú àmójútó Màmá o. Ẹ ní àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ṣe fún wọn láìjẹun ní Lágere nílùú Ifẹ̀ jẹ́ 6.1, tí wọ́n fi ṣe òmíràn n'Íléṣà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá di 110, ẹ sì fẹ́ sọ oògùn àtọ̀gbẹ wọn di méjì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣúgà wọn ò lọ sókè. Ẹ wo lẹ́tà tó wà lẹ́yìn nọ́ńbà: mmol/L ni ti Ifẹ̀, mg/dL ni ti Iléṣà. Bí ẹ bá fi oògùn kún oògùn lórí èyí, ṣúgà lè já wálẹ̀ ju 3.9 (70) lọ, ni òógùn, gbígbọ̀n ọwọ́ àti ọ̀rọ̀ wótowòto á bá bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń tètè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀.

Ìwọ̀n ni mg/dL ń sọ: mílígíráámù mélòó ló wà nínú désílítà kan, ìyẹn 100 mL. Kíkà ni mmol/L ń ka mólékù nínú lítà kan, ní mílímóòlù; móòlù jẹ́ iye mólékù kan pàtó, bí kéréètì ẹyin ṣe jẹ́ iye kan pàtó. Mólékù glúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kan ní átọ́ọ̀mù kábọ̀n 6, háídrójìn 12 àti ọ́síjìn 6. Ìwọ̀n kábọ̀n jẹ́ 12, ti háídrójìn 1, ti ọ́síjìn 16. Ẹ ro ó pọ̀: 72, 12 àti 96, ó di 180. Mílímóòlù glúkóòsì kan wá jẹ́ mílígíráámù 180 nínú lítà. Désílítà 10 ló wà nínú lítà, torí náà 18 ló kan désílítà kan. 6.1 lọ́nà 18 jẹ́ 109.8, láàbù bá kọ 110.

18 yìí, ti glúkóòsì nìkan ni o. Kéréètì ẹyin adìẹ àti kéréètì ẹyin tòlótòló, 30 ni méjèèjì, àmọ́ wọn ò wúwo bákan náà. Bẹ́ẹ̀ ni móòlù rí. Kolẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wúwo ju glúkóòsì lọ, 38.67 ni tiẹ̀. Yúríà, ìdọ̀tí kan tí kídìnrín ń yọ jáde, fúyẹ́, 6 ni. Creatinine, ìdọ̀tí mìíràn tí kídìnrín ń yọ, ló ń dẹ́rù ba èèyàn jù, torí µmol/L (ìdá kan nínú 1000 mmol/L) ni láàbù púpọ̀ fi ń kọ ọ́: ẹni bá rí 97 á ní kídìnrín òun ti lọ. Ẹ fi 88.4 pín in, 1.1 mg/dL ni.

Fún ẹni tó ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, 6.1 láàárọ̀ láìjẹun dáa. Ẹni tí wọn ò tíì sọ fún pé ó ní i, 7.0 sókè (126) lẹ́yìn wákàtí 8 láìjẹun ni wọ́n ń pè ní àtọ̀gbẹ, àyẹ̀wò kejì sì gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tó máa ń ba nọ́ńbà jẹ́ gan-an nìyí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tàbí tó jẹ máńgòrò, ṣúgà wà lórí ìka rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wọn ṣúgà nílé á kà á mọ́ ẹ̀jẹ̀. Omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, torí ìka tó tutù ń bu omi la ẹ̀jẹ̀. Ẹ má ṣí ìdérí ike sítíríìpù, pélébé tí ẹ̀ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, sílẹ̀, ọ̀rinrin ń bà á jẹ́. Ní láàbù, ẹ wo igo tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí: olómọrí aláwọ̀ eérú, tó ní fluoride, kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jẹ ṣúgà náà tán, ni kó jẹ́. Nínú igo lásán, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ò dẹ́kun jíjẹ glúkóòsì, nǹkan bí ìdá 5 sí 7 nínú 100 ni wọ́n ń jẹ ní wákàtí kan, ooru sì ń mú un yá sí i. Èsì á wá kéré ju òótọ́ lọ.

Bí wọ́n bá ní kí Màmá ṣe HbA1c, tí àwọn kan ń pè ní ṣúgà oṣù mẹ́ta, ẹ sọ jẹ́nótáìpù wọn fún láàbù kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Glúkóòsì tó lẹ̀ mọ́ hẹmoglóbìn, ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa sì máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Ti ẹni tó jẹ́ SS kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, glúkóòsì ò ráyè lẹ̀ mọ́ ọn tó, nọ́ńbà á sì kéré lórí irọ́. Fún AS, ọ̀nà tí ẹ̀rọ wọn ń gbà wọ̀n ọ́n ni kí ẹ béèrè.