Ọmọ Tó Ń Kàwé Nílé, Iṣẹ́ Wo Ló Lè Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Èmi àti bàbá wọn la ń kọ́ àwọn ọmọ wa mẹ́ta níwèé nínú ilé, níbí ní Kàbbà. Àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, èkejì mẹ́fà, àbíkẹ́yìn mẹ́rin. Láti àárọ̀ dalẹ́ la jọ wà, ilé kì í sì í mọ́. Tí mo bá ní kí wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n á ṣe é wúruwùru, màá sì tún un ṣe. Ìyá ọkọ mi ní mò ń kẹ́ wọn bà jẹ́. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Òkun o, ìyá wa. Ọ̀dọ̀ àbíkẹ́yìn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń já ìgbálẹ̀ gbà mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹni ọdún mẹ́jọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún un. Ẹ má lé àbíkẹ́yìn yẹn. Ẹ di ìgbálẹ̀ kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ ká fún un.

Iṣẹ́ tí ẹ bá fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀ látòkè délẹ̀. "Bá mi mú ìyẹn wá, bá mi di èyí mú" kò tó; ẹ̀ ń rán an níṣẹ́ lásán ni. Kí adìyẹ jẹ́ ti ẹni ọdún mẹ́rin, oúnjẹ wọn àti omi wọn. Kí ẹni ọdún mẹ́fà máa ṣa ẹ̀wà, kó fọ kọ́ọ̀bù, kó ká aṣọ ara rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́jọ lè fọ aṣọ rẹ̀, kó wẹ ìrẹsì, kó rẹ́ ilá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Àtúnṣe yẹn ló ń bà wọ́n jẹ́ o, kì í ṣe ìkẹ́. Ọmọ tó mọ̀ pé ìyá òun á tún un ṣe, kí ló máa ṣe é dáadáa fún? Tí ọ̀rá bá ṣì wà lára abọ́, ẹ fi ìka rẹ̀ ra á kó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n, kó dá a padà sínú omi. Ẹ má pariwo.

Ẹ má fi abọ́ fífọ̀ jẹ ẹni tó ṣi ìṣirò ṣe níyà, ẹ má sì sọ ẹ̀wà di ìṣirò. Ẹ̀yin lolùkọ́ wọn látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ìyá wọn nídìí iṣẹ́. Àkókò ìwé kò sì ṣòfò. Dókítà ará Ítálì nì, Maria Montessori, tó ṣí ilé àwọn ọmọdé ní Róòmù lọ́dún 1907, fi gbígbálẹ̀, dída omi àti dídi bọ́tìnnì sínú ẹ̀kọ́ wọn gan-an.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ yín sí, nítorí agbègbè wa. Lásìkò kajú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣà á nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi eyín fọ́ kóró rẹ̀ tútù, kí wọ́n má sì sun ún: epo inú èèpo yẹn ń bó ara bí iná, èéfín rẹ̀ kò dáa fún wọn. Omi gbígbóná àti kẹrosíìnì náà, ọwọ́ yín ni kó wà.

Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ má bá wọn jiyàn. Nígbà tí wọ́n bá ń bó ẹ̀gúsí, ẹ ní kí àwọn ọmọ lọ jókòó tì wọ́n. Tí ọkùnrin bá wà nínú wọn, kó lọ pẹ̀lú.