Bàbá rẹ ń dá ayò ta, o ní wọn ò dí yín lọ́wọ́

Lẹ́tà rẹ gùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ló mú mi nínú rẹ̀, òun náà lo sì sáré kọjá jù. N óò kọ ọ́ síbí kí àwọn òǹkàwé yòókù bá mi rí i: "Bàbá mi wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí màmá ti kú, wọn kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, wọ́n á kàn gbé ọpọ́n ayò wọn sí bákónì òkè, wọ́n á máa dá a ta."

Wọ́n á máa dá a ta! O kọ irú ìyẹn tán, o wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Zanzibar.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò rí lẹ́tà: ọkùnrin ẹni ọdún 43 ni, Ìkòròdú ló ń gbé, Erékùṣù Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó ń bẹ, ọmọ méjì ń bẹ, kò jẹ gbèsè, kò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dùn. Ó ní ilé òun ti dà bí òtẹ́ẹ̀lì, kálukú pẹ̀lú fóònù ẹ̀. Ó ń sanwó lóṣooṣù fún áàpù kan tó ń sọ fún un ìgbà tó yẹ kó mí sínú àti ìgbà tó yẹ kó mí síta. Ó wá ń bi mí bóyá kí òun kó owó tí òun ti tọ́jú, kí òun lọ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Zanzibar kọ́kàn òun lè balẹ̀, àbí kí òun kúkú pààrọ̀ iṣẹ́.

N ò ní pa òwe Sókótó fún ọ, o ti gbọ́ ọ tó. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ló yẹ kó jókòó sí apá kejì ọpọ́n yẹn. Ẹni méjì ní ń ta ayò. Bí àgbàlagbà bá ń dá a ta, á ta tirẹ̀ tán, á tún na ọwọ́ bá ẹni tí kò wá ta tiẹ̀. Ìwọ lẹni tí kò wá. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé wọn kì í dí yín lọ́wọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i nínú lẹ́tà: "màmá ò ní wàhálà", "bàbá wa, jẹ́ẹ́ ni wọ́n". Àgbà tó dákẹ́ nínú ilé ọmọ ẹ̀, ó lè má jẹ́ pé ara tù ú o. Ó lè jẹ́ pé ó ti wò yín títí, ó rí i pé ẹ ò ráyè, ló bá gbé ọpọ́n ẹ̀ gòkè lọ.

O ní o ò mọ̀ ọ́n ta. Ìyẹn ò le. Ihò 12 tí à ń pè ní ilé ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà tìrẹ, mẹ́fà tiwọn. Ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ló ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 48. Tó bá kàn ọ́, kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní apá tìrẹ, máa sọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tó tẹ̀ lé e, lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Tápá tìrẹ bá tán, máa sọ ọ́ lọ ní apá tiwọn. Bí èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ bá bọ́ sílé wọn, tí ilé náà di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Bí ilé tó ṣáájú ẹ̀ ní apá wọn náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, jẹ ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa padà sẹ́yìn títí wàá fi kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó 25 ló pa ẹnì kejì. Bí gbogbo ilé wọn bá gbẹ, tó o sì ní èyí tó o lè ta kó dé ọ̀dọ̀ wọn, o gbọ́dọ̀ ta á. Bí bàbá bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ta á nílùú tiwọn, tiwọn ni kó o gbà.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ pa ọ́ ni pé wàá máa fi ilé ọlọ́mọ kan àti ọlọ́mọ méjì sílẹ̀ káàkiri, torí àwọn gan-an ni wọ́n ń jẹ. Èyí tí yóò tún pa ọ́ ni odù, ilé tí wọ́n ti ń kó ọmọ jọ sí láti àárọ̀, tó o sì rò pé wọ́n gbàgbé ẹ̀ ni. Ká ní ilé tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún bàbá ti di 14, tí ilé mẹ́ta tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ sì ṣófo. Wọ́n á kó o, á yí ọpọ́n po, wọ́n á fo ilé tó ti jáde, á tún padà wọlé rẹ. Ilé mẹ́ta tó ṣófo ti di méjì-méjì nìyẹn. Wọ́n á jẹ mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì rọra bi ọ́ pé ṣé oorun ń kùn ọ́ ni.

Nítorí náà, kò sáyè fóònù. Bó o bá ṣíjú kúrò, o ò ní mọ iye tó wà nínú odù. Tọ́kàn èèyàn bá wà lórí bóyá 13 ni àbí 14, kì í ráyè ronú ọ̀gá ibi iṣẹ́. Áàpù rẹ ò lè ṣe ìyẹn fún ọ.

Gbé ọpọ́n náà kúrò ní bákónì. Ẹni tó ń kọjá ò lè rí wọn lókè yẹn. Gbé e sí iwájú géètì, sábẹ́ ibòòji, lọ́jọ́ Sátidé àti Sunday ní nǹkan bí aago mẹ́rin. Ẹ ṣíwọ́ nígbà tílẹ̀ bá ṣú, tẹ́ ò rí ọmọ ayò kà mọ́. Bí ẹni tó mọ ayò bá wà ládùúgbò, ọpọ́n fúnra ẹ̀ ló máa pè é. Ó lè jẹ́ bàbá tó ń tún bàtà ṣe, ó lè jẹ́ ọlọ́dẹ. Jẹ́ kí ọmọ rẹ jókòó tì yín: ayò tí kò ní òǹwòran tó ń pariwo kì í dùn.

Má mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n pa ọ́. Wọ́n á mọ̀ kó o tó ta ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sì máa dùn wọ́n ju pé o ò wá rárá lọ. Má ya fọ́tò wọn sórí status. Má rán dírẹ́bà lọ bá wọn ta. Má sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò: bó o bá ní "Bàbá, ṣé ara yín le?" wọ́n á ní "a dúpẹ́", ọ̀rọ̀ á tán. Ọwọ́ ń ta, ojú wà lórí ọpọ́n, kò sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnì kan. Bí wọ́n bá máa sọ̀rọ̀ ìyá rẹ, àsìkò yẹn ni wọ́n máa sọ ọ́, ó sì lè tó Sátidé kẹta. Tí wọ́n bá sọ ọ́, má kọwọ́ sílẹ̀, máa ta á lọ.

Zanzibar? Òkun ibẹ̀ dáa, lọ bó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n fóònù yẹn náà lo máa gbé dání. Iṣẹ́ rẹ, má tíì fi sílẹ̀. Kó o tún tó kọ̀wé sí mi, kọ́kọ́ pa bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé màá sinmi díẹ̀.