Má yáwó alájẹṣẹ́kù ta pókà: ìdáhùn sí lẹ́tà láti Sùúrùlérè

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń ta pókà, eré káàdì olówó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́: tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà, NL25 (tábìlì tí èèyàn ń gbé $25 jókòó sí). Àkọsílẹ̀ mi fún 60,000 ọwọ́ (ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá pín káàdì ni ọwọ́ kan) fi hàn pé mò ń jẹ big blind 4 nínú 100 ọwọ́ (big blind ni owó àfipá tó tóbi jù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọwọ́, sẹ́ǹtì 25 ní NL25). Gbogbo èrè oṣooṣù ni mò ń kó jáde fún ìnáwó ilé. Nígbà tí owó mi wà ní $900, mo gòkè lọ sí NL50, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú ₦450,000 kún un nínú owó ilé tí èmi àti ìyàwó mi jọ ń tọ́jú, tí a máa san ní oṣù méje sí i. Òun náà bá a lọ. $310 ló kù. Ìyàwó mi ò mọ̀. Ṣé kí n yá owó alájẹṣẹ́kù fi bẹ̀rẹ̀ padà? Àbí ayé ló ń bá mi jà?"

Àbúrò mi, má yá owó náà. Bí o kò bá tíì mọ ibi tí owó àkọ́kọ́ gbà lọ, ibẹ̀ náà ni èkejì máa gbà.

Kò sẹ́ni tó ń bá ọ jà. Ìṣirò ni. Ní tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́fà, owó ẹni tó mọ̀ ọ́n ta pàápàá máa ń lọ sókè sódò gan-an: nínú 100 ọwọ́ péré, ìyàtọ̀ tó wọ́pọ̀ tó big blind 95, sókè tàbí sísàlẹ̀. Fi ìyẹn wo 60,000 ọwọ́ rẹ. Big blind 4 tí ò ń rí yẹn lè jẹ́ 8 ní tòótọ́, ó sì lè jẹ́ 0, kí àkọsílẹ̀ rẹ ṣì rí bó ṣe rí. Jẹ́ ká fi 3 ṣírò. Ní NL25, ìyẹn jẹ́ sẹ́ǹtì 75 nínú 100 ọwọ́. Bí o bá ta 20,000 ọwọ́ lóṣù, tó máa gbà ọ́ tó wákàtí 67 lórí tábìlì mẹ́rin, èrè rẹ jẹ́ $150, kó tó di pé o yọ owó dátà àti epo jẹnẹrétọ̀.

Ká wá mú èèyàn 100 tí wọ́n ń jẹ 3 bẹ́ẹ̀, tí wọn kì í sọ̀kalẹ̀ sí tábìlì kékeré bí nǹkan bá le. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn bá ní buy-in 20 (buy-in kan ni owó tí wọ́n ń gbé jókòó sí tábìlì, $25 ní NL25), nǹkan bíi 26 ni owó wọn máa tán pátápátá lọ́jọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ buy-in 40, bíi 7 ni. Bí ó bá jẹ́ 50, wọn ò ní tó 4. Ìwọ gbé $900 lọ sí NL50, buy-in 18 nìyẹn, láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n ta ju àwọn tó o fi sílẹ̀ lọ. Ká ní 1.5 lò ń jẹ níbẹ̀, bíi 55 nínú èèyàn 100 tó wà nípò rẹ ni owó wọn máa tán.

Síbẹ̀, NL50 kọ́ ló kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ yìí sílẹ̀. Èrè tí ò ń kó jáde ni, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù. Ẹni tó ń jẹ 3 tó sì ń kó ìdajì jáde, 1.5 ló ń wọlé fún owó òwò rẹ̀. Buy-in 40 tirẹ̀ kò lágbára ju 20 lọ mọ́. Ewu ti padà di 26 nínú 100. Ẹni tó bá ń kó gbogbo rẹ̀ jáde, 0 ló ń wọlé fún un, bó pẹ́ bó yá, owó rẹ̀ máa kanlẹ̀. Ìyá aláṣọ ní Balógun tó ń fi gbogbo èrè jẹun, lọ́jọ́ tí ọjà bá dákẹ́, owó ọjà náà ló máa fà yọ. Bí o bá wá yá owó alájẹṣẹ́kù, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ, ìwọ náà á sì máa kó èrè pókà jáde láti dí àlàfo yẹn. Ibi tó o ti ń bọ̀ náà lo tún padà sí yẹn, pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn.

Ní báyìí, $310 jẹ́ buy-in 62 ní NL5, níbi tí blind ti jẹ́ $0.02 àti $0.05. Ibẹ̀ ni kí o padà sí. Mo mọ̀ pé á dùn ọ́. Bí owó bá dé $400, lọ sí NL10. Bí ó bá já sí $300, sọ̀kalẹ̀. Bí ó bá dé $1,000, lọ sí NL25. Bí ó bá já sí $700, padà sí NL10 lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, má dúró gbà á padà. Kọ àwọn iye mẹ́rin yìí sórí ìwé, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, torí ẹni tó ń pàdánù lọ́wọ́ kì í rántí àdéhùn. Rake, ìyẹn owó tí ilé pókà ń yọ nínú owó tí ẹ fi ń ta, máa ń wúwo ní àwọn tábìlì kékeré wọ̀nyí, nítorí náà má fi káàdì tí kò dá ọ lójú wọlé. Ti túnámẹ́ǹtì ọjọ́ Sunday, buy-in 200 ló yẹ kéèyàn ní bí èrò bá pọ̀. $310 kò gbé ju ti $1.50 lọ.

Má kó sẹ́ǹtì kan jáde títí owó á fi dé $1,000. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, wo ibi gíga jù lọ tí owó náà ti parí oṣù rí. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ìdá mẹ́ta àjùlọ náà ni tìẹ. Ó parí oṣù tó kọjá ní $1,000, ó parí èyí ní $1,150: mú $50. Bí kò bá kọjá, má mú nǹkan kan. Dọ́là ni kí o máa fi ka owó òwò. Bí náírà bá já, tí owó náà wá pọ̀ lójú rẹ, èrè pókà kọ́ nìyẹn.

Bí o bá ń ta USDT (owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n so mọ́ dọ́là) láti gba náírà, má fi í sílẹ̀ nítorí àlẹ́ẹ̀tì tàbí àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ. Ṣí áàpù báńkì rẹ, kí o rí owó náà níbẹ̀, kí o sì rí i pé orúkọ ẹni tó ń rà á ló wà lórí rẹ̀. Owó tó bá ti ọwọ́ ẹlòmíì wá lè mú kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ pa. Má sì kó gbogbo owó jọ sí ilé pókà kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà kọ lu àwọn ilé pókà ńlá kan. Owó àwọn ará Amẹ́ríkà tó wà ní Full Tilt Poker, ọ̀kan nínú wọn, há, ọdún 2014 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà.

Àlẹ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti gbo ọ́ lórí afárá Èkó, má jókòó. Bí o bá pàdánù buy-in mẹ́ta lálẹ́ kan, pa á dé. Ọwọ́ tó ń bọ̀ kò mọ̀ pé o ti pàdánù, orí tìẹ ló gbóná. Kí ráúta wà lórí ínfátà, kí fóònù tó ní síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn sì wà nítòsí: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ tí àkókò rẹ sì tán, wọ́n á da káàdì rẹ nù, owó tí o ti fi sílẹ̀ á di ti ẹlòmíì, lórí tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ku ìyàwó rẹ. Sọ fún un ní ìparí ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó tó fúnra rẹ̀ wo owó náà. Sọ iye tó lọ ní náírà, sọ ọjọ́ tó o mú un, má fi "mo máa jẹ ẹ́ padà" kún un. Gbé ètò síwájú rẹ̀: ₦75,000 láti inú owó oṣù rẹ fún oṣù mẹ́fà, kí ó wọ àkáǹtì tí òun nìkan lè fọwọ́ sí. Owó ilé á ti pé kí ọjọ́ tó kò, kò sì ní gba ọ̀dọ̀ pókà kọjá rárá. Bí ó bá bínú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, jẹ́ kó bínú.

Pé o mú owó tí kì í ṣe tìẹ, tí o sì fi pa mọ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà rẹ. Bí ó bá tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ì báà jẹ́ ₦5,000, wọ ibi ètò àkáǹtì ní gbogbo ilé pókà tó o wà, kí o yan self-exclusion, ìyẹn kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí o ta mọ́, fún oṣù mẹ́fà, kí o sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ wà níbẹ̀ nígbà tó o bá ń tẹ̀ ẹ́.