Bàálù ogun tí wọ́n ní rédà kò lè rí: kí ni ká wò lára rẹ̀ ká tó gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà wa. Olùkọ́ físíìsì ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí fídíò Qaher-313, bàálù ogun tí orílẹ̀-èdè Ìránì ṣe, wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní rédà kò lè rí i, àwọn kan ní ère lásán ni. Kí ni kí n ní kí wọ́n wò, kí wọ́n lè fi ọgbọ́n orí ara wọn mọ òótọ́?

Ìdáhùn: Olùkọ́, ẹ kú làálàá àwọn ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbójú kúrò lára ìrísí bàálù náà ná, nítorí ìrísí ló rọrùn jù láti ṣe nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Rédà ni ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì wá bàálù lójú òfurufú: ìgbì náà máa ń jáde láti inú rẹ̀, á kọlu ara bàálù, á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an. Bí wọ́n bá gé ara bàálù ní igun-igun, ọ̀pọ̀ nínú ìgbì náà yóò ta sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ ni yóò padà. Igi àti ike pàápàá ṣeé gé bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣòro ni pé kí nǹkan tó ní irú ìrísí yẹn gbéra nílẹ̀, kó gbé epo, ohun ìjà, rédà tirẹ̀ àti ènìyàn, kó jà, kó sì padà wálé. Kí wọ́n sì mọ̀ pé kò sí bàálù tí rédà kò lè rí rárá: ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1999, àwọn ọmọ ogun Sérbíà já F-117, bàálù ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe kí rédà má baà rí i, lulẹ̀ pẹ̀lú S-125, ohun ìjà tí àwọn Sófíẹ́ẹ̀tì ti ń lò láti àwọn ọdún 1960.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2013, lásìkò ayẹyẹ ìrántí ìyípadà ìjọba ọdún 1979, ni Ààrẹ Mahmoud Ahmadinejad ṣí aṣọ lójú eégún Qaher, ó sì kéde pé ó wà lára àwọn bàálù ogun tó gòkè jù lágbàáyé. Kò pẹ́ rárá tí àwọn onímọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìbéèrè, ibi tí èmi náà yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé agbára tó ń ti bàálù síwájú dúró lórí ìwọ̀n atẹ́gùn tí ẹ́ńjìnnì ń gbà wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, àti lórí bí atẹ́gùn náà ṣe ń yára tó nígbà tó bá ń jáde lẹ́yìn. Ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé lára Qaher kéré jọjọ, òkè ara bàálù ni wọ́n sì fi í sí, débi pé bí awakọ̀ bá gbé imú bàálù sókè gan-an, bí ó ti máa ń rí nínú ìjà, ara bàálù fúnra rẹ̀ yóò dí atẹ́gùn náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn nísàlẹ̀ ìrù, níbi tó yẹ kí iná ti máa jáde, kò sí ẹnu ẹ́ńjìnnì kankan tó hàn. Bí bàálù ogun bá da epo kún iná ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè sáré sí i, ooru ibẹ̀ máa ń ju 1,500 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́sì. Irin tí a kò pèsè fún irú ooru bẹ́ẹ̀ yóò yọ́. Fún èmi, àlàfo yìí nìkan ti tó láti sọ pé ohun tí wọ́n gbé síta lọ́jọ́ náà kò lè fò.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Yàrá awakọ̀ há débi pé orúnkún ẹni tó jókòó síbẹ̀ yọ sókè, gíláàsì tó bò ó kò mọ́ gaara, àwọn ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ jọ ti bàálù kékeré aládàáni, imú bàálù sì tín-ín-rín ju ibi tí rédà tó ṣeé fi jà lè gbà lọ. Wọ́n tún gbé àwòrán kan jáde níbi tí bàálù náà ti ń fò lórí Òkè Damavand, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé igun tó wà àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe kọ lára rẹ̀ bá àwòrán tí wọ́n yà nígbà tó wà nínú gàréèjì mu.

Fídíò fífò rẹ̀ kò fi ìgbéra tàbí ìbalẹ̀ hàn, ibẹ̀ sì ni kíláàsì yín ti lè ṣe ìṣirò. Bàálù ogun tó gùn ní mítà 14, tó ń sáré mítà 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò kọjá gígùn ara rẹ̀ nígbà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà. Àwòṣe kékeré onírímóòtù tó gùn ní mítà 2, tó ń sáré mítà 30, yóò kọjá gígùn tirẹ̀ nígbà 15. Ìdí nìyẹn tí àwòṣe fi máa ń dà bí ẹni tó ń ta pọ́ún-pọ́ún lójú fídíò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ èyí di ìfiṣẹ̀sín àwọn ará Ìránì. Bàálù F-14 mọ́kàndínlọ́gọ́rin tí Amẹ́ríkà kó fún wọn kí ìjọba Shah, ọba Ìránì, tó ṣubú, àwọn ẹnjiníà wọn mú nínú rẹ̀ fò fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ fún wọn ní gbangba, iṣẹ́ ńlá ni mo sì kà á sí. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń dá wọn dúró, kì í sì í ṣe àwọn nìkan: Ṣáínà fi ẹ́ńjìnnì Rọ́ṣíà sínú bàálù ogun rẹ̀, J-20, fún ọ̀pọ̀ ọdún, KAAN, bàálù ogun tuntun ti Tọ́kì, náà sì fi ẹ́ńjìnnì F110 ti Amẹ́ríkà fò. Nítorí náà, bí orílẹ̀-èdè kan bá gbé bàálù tuntun jáde, tí kò sì sọ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí àwọn ọmọ náà fura.

Iyèméjì náà sì lè ṣini lọ́nà. Ní ọdún 2009, Robert Gates, mínísítà ètò ààbò Amẹ́ríkà, sọ pé Ṣáínà kò ní ní irú bàálù ogun ìgbàlódé tí rédà kì í tètè rí yìí kankan títí di ọdún 2020. Ní ọjọ́ 11 oṣù kíní ọdún 2011, nígbà tí Gates fúnra rẹ̀ wà ní Beijing, J-20 fò ní Chengdu, àwọn ará ìlú tó dúró sẹ́yìn ọgbà pápákọ̀ òfurufú sì ti ń ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 2017 ló wọ iṣẹ́ ológun. Ní ti Qaher, ní oṣù kẹrin ọdún 2017 ni wọ́n fi òmíràn hàn tó ń rìn lórí ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì méjì ni èyí ní. Nígbà tó fi di ọdún 2025, bàálù tó kéré sí i, tí kò ní awakọ̀, ni wọ́n gbé sórí ọkọ̀ ojú omi Shahid Bagheri pẹ̀lú ìrísí Qaher.

Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ wá fídíò ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí KAAN kọ́kọ́ fò. Ìgbéra àti ìbalẹ̀ rẹ̀ hàn níbẹ̀. Kí wọ́n fi ìṣirò gígùn-ara yẹn wò ó, kí wọ́n sì fi ìṣirò kan náà wo ti Qaher ọdún 2013.