Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò yí padà: kí ló kù tí mo ní láti kọ́?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì ni mí, Ọ̀fà ni mo ń gbé. Gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí run nígbà kan, pàápàá gbèsè aṣọ ẹbí. Mo jókòó, mo tún ìnáwó mi tò, mo sì bọ́. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò rí i, wọ́n ní kí n kọ́ àwọn náà. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pé jọ sí àgbàlá mi, mo sì ń sọ bí mo ṣe ṣe é fún wọn. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Oṣù mẹ́ta rèé, mi ò rí ju ẹni méjì lọ tó yí nǹkan kan padà. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n lọ gba sáńtífíkéètì kóòṣì, ìyẹn àwọn tó ń fi títọ́ èèyàn sọ́nà láti yí ìgbé ayé rẹ̀ padà ṣiṣẹ́ ṣe. Ṣé òun ló kù ni? Kí ni èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè kọ́ ẹlòmíì láti yí ìgbé ayé rẹ̀ padà, kó sì yí lóòótọ́?

Ìdáhùn

Ẹ ṣé, Màmá. Ẹni méjì kì í ṣe kékeré o. Àwọn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ṣe, ẹ má bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu yín. Ó ṣeé ṣe kí èsì wọn yà yín lẹ́nu.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa dá àwọn àgbàlagbà lẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlọrin níbí: àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, àwọn oníṣòwò, àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ ọwọ́. Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà yín ni pé ìtàn ara yín lẹ̀ ń kọ́ wọn. Ìtàn náà dáa, òun ló kó wọn wá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹ̀yin ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Bó bá ti wọlé, ẹ lè mú ìwé àti bírò, kí ẹ pín in. Ìyá tó ń ta ata ní ọjà Ọwọ́dé kò ní ìparí oṣù kankan. Owó ń wọlé fún un láàárọ̀, ó ń jáde lálẹ́. Bí kò bá ti fún alájọ kó tó palẹ̀ ọjà mọ́, ó ti tán nìyẹn. Tí ẹ bá ní kó pín owó oṣù bíi tiyín, á ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá", á pàtẹ́wọ́, á gba ilé lọ. Ohun tó yọ yín kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ayé ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ju bó ṣe mọ ìtàn ara rẹ̀ lọ.

Ìyá tó ń kọ́ ọmọ ní ìkòkò mímọ ní Dada, ní Òkèlele níbí, kì í fi gbogbo ọ̀sán sọ bí òun ṣe di amọ̀kòkò. Ọwọ́ ọmọ ló ń wò. Ibi tí amọ̀ bá ti fẹ́ ya ló ti ń dá a dúró. Ọwọ́ àwọn obìnrin yẹn ni ẹ ò tíì wò.

Ẹnu dídákẹ́ ló wá le jù fún àwa tá a ti kọ́ni rí. William Miller, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1983 nípa àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Ó kíyè sí i pé bí olùtọ́jú ṣe ń ti ẹni náà pé kó fi ọtí sílẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹni náà ń rí àwíjàre wí tó. Òun àti Stephen Rollnick sọ ọ́ di ọ̀nà iṣẹ́ tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ń kọ́ lónìí. Ohun tí wọ́n ń lé kò ju pé kí ìdí tó fi yẹ kí nǹkan yí padà ti ẹnu ẹni tó fẹ́ yí padà jáde.

Ẹ jẹ́ ká fi ti aṣọ ẹbí yín ṣe é. Obìnrin kan ní: "Màmá, aṣọ ẹbí yìí ti sú mi, àmọ́ mi ò lè má rà á."

Tí ẹ bá ní "Ṣé o ò mọ̀ pé gbèsè ò dáa ni?", ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ló gbé e wá, pé wọ́n á ní òun láhun, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bó ṣe ń rò ó fún yín ló ń rò ó fún ara rẹ̀. Kó tó délé, aṣọ yẹn ti di dandan.

Ẹ bi í pé: "Kí ló dé tó fi sú ọ?" Kí ẹ dákẹ́. Kó pẹ́ díẹ̀, kí ẹ má sì fi àdúrà dí àlàfo náà. Á ní: "Màmá, wọ̀límọ̀ ọmọ ìyàwó ilé wa, owó ilé-ìwé ọmọ mi ni mo kó lé léèsì." Ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Kò sí ìwàásù tiyín tó lè wọ̀ ọ́ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, mímọ̀ kò tíì di ṣíṣe. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ọmọ Jámánì, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1999 pé ẹni tó bá ti pinnu ibi àti ìgbà, tó ní "bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe", máa ń mú ìpinnu rẹ̀ ṣẹ ju ẹni tó kàn ní òun á gbìyànjú. Torí náà ẹ bi í pé: "Ibo ni wọ́n máa ń gbé aṣọ bá ọ?" "Ìsọ̀ mi ni." "Kí lo máa sọ fún wọn?" Ẹnu rẹ̀ á wọlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, Màmá. Àwọn obìnrin yìí mọ̀ pé gbèsè burú, ó lè jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tí wọn ò ní ni gbólóhùn kan tí wọ́n lè fi dá ará ilé ọkọ lóhùn láìdi aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ wá a. Ẹnì kan lè ní: "Ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ ó ṣojú ẹ̀mí wa. Gèlè nìkan ni màá rà, owó rẹ̀ nìyí." Ẹ jẹ́ kí òmíràn gbé aṣọ lérí, kó wá bí ìyá ọkọ, kó yọjú sí i: "Gèlè kẹ̀? Ìwọ, ìyàwó wa?" Kí ẹni àkọ́kọ́ kúnlẹ̀, kó tún un sọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ wọ́n rín. Kó ṣáà máa sọ ọ́ títí ahọ́n rẹ̀ ò fi ní kọ́ mọ́. Sátidé kan tí ẹ fi ṣe èyí, mo gbà pé ó ju oṣù mẹ́ta ẹkún lọ.

Tí wọ́n bá padà wá, ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé o ṣe é?" Ẹni tí kò bá ṣe é kò ní wá mọ́. Ẹ ní: "Nígbà tí wọ́n gbé aṣọ dé, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ẹni tó ṣubú náà á rí nǹkan sọ, ẹ ó sì mọ ibi tí gbólóhùn rẹ̀ ti já. Àwọn kan á sọ fún yín pé ọjọ́ 21 ni ìwà tuntun fi ń mọ́ra. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London ṣèwádìí lórí ẹni 96 tó fẹ́ sọ nǹkan kékeré di àṣà, bíi omi mímu nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Nínú èsì tó jáde ní 2010, ó lè yá tó ọjọ́ 18, ó sì lè pẹ́ tó 254. 66 ló bọ́ sí àárín. Ẹni tó bá sì pa ọjọ́ kan jẹ kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ pín wọn sí méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹnìkan máa bi ẹnìkejì láàárín ọ̀sẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nípa ilé rẹ̀, inú àgbàlá yẹn ni kó kú sí. Ọ̀fà ò tóbi tó èyí tí ọ̀rọ̀ ò fi ní rìn. Àwọn ọ̀ràn kan sì wà tí kì í ṣe tiwa rárá. Ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́, tó ń ní ayé ti sú òun pátápátá, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ti wọnú tramadol, ilé ìwòsàn ló kàn. Àwọn dókítà ìlera ọpọlọ wà ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin. Kí ẹ sì bá a lọ, torí "lọ síbẹ̀" nìkan kì í mú ẹni bẹ́ẹ̀ débẹ̀.

Ní ti sáńtífíkéètì, mi ò ní kí ẹ má gbà á. International Coaching Federation, ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì lágbàáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ń béèrè wákàtí 100 ní ipele àkọ́kọ́, 500 ní ìkejì, 2,500 ní ìkẹta, wákàtí tí ẹ bá èèyàn jókòó fún iṣẹ́ náà gan-an. Kí ẹ tó náwó, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ obìnrin kan, kí ẹ fi fóònù gba ohùn ẹ̀yin méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ọ lálẹ́: ta ló sọ̀rọ̀ jù? Tí ilé-ẹ̀kọ́ kan bá sì ní ọjọ́ méjì ní gbọ̀ngán kan ní Tánkẹ́ ti tó láti sọ yín di ọ̀gá, ẹ bi wọ́n pé ta ló máa gbọ́ bí ẹ ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, tó máa sọ ibi tó kù sí fún yín. Bí wọn ò bá rí ẹni náà dárúkọ, ẹ má san kọ́bọ̀.