Ṣé mo lè fi fótò fóònù gba design patent, kí n tún un ṣe tó bá yá?

Ìbéèrè: Mo ṣe ìgò omi kan tí ìdérí rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀ bí a bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fẹ́ gba design patent, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fúnni kí ẹlòmíràn má baà ṣe àdàkọ ìrísí nǹkan ẹni, fún un ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ní kí n fi fótò tí mo yà lórí fóònù ránṣẹ́ ná, pé a ó tún un ṣe tó bá yá. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń tan irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ká.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ìdérí kúrò níbẹ̀ ná. Ìrísí nǹkan ni design patent ń dáàbò bò, kì í ṣe bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ọgbọ́n tó ń ṣí ìdérí lẹ fẹ́ dáàbò bò, utility patent lẹ ń wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwòrán. Claim, ìyẹn gbólóhùn tó ń sọ ohun tó jẹ́ tiyín, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú design patent, ohun tó sì ń sọ kò ju pé ìrísí tó wà nínú àwòrán lẹ ń béèrè fún. Ohun tí àwòrán yín kò bá fi hàn lọ́jọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀, ẹ ò lè fi kún un mọ́. New matter ni, òfin ò gbà á. Bí olùyẹ̀wò kò bá lè mọ̀ bóyá ojú kan yọ síta ni tàbí ó kó wọnú, kò ní gba ìwé yín, lábẹ́ apá 112 òfin páténtì Amẹ́ríkà. Tí ẹ bá wá ya àwòrán tó fi ìdáhùn hàn, wọ́n lè pe ìyẹn gan-an ní new matter. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń há sí.

USPTO, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní páténtì, ń gba fótò lóòótọ́, àmọ́ wọn ò gbà kí ẹ pò ó mọ́ àwòrán tí wọ́n fi yíǹkì yà. Àmì tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìgò náà àti àwọ̀ rẹ̀ lè di ara ohun tí ẹ béèrè fún, kí olè kàn yọ wọ́n kúrò. Nínú àwòrán, ìlà tí kò já ni tiyín; èyí tó já wẹ́wẹ́ kò sí nínú claim. Ẹ pinnu èyí kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀. Ní 2013, nínú ẹjọ́ In re Owens, tó dá lórí ìrísí ìgò kan, ẹni tó fẹ́ fa ìlà wẹ́wẹ́ síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀ nínú ìwé tuntun kò rí ọjọ́ tó fi ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lò fún un mọ́.

N kò tíì rí ìgò yín, nítorí náà ẹ fi èyí lọ lọ́yà páténtì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń tà á, ẹ yára: ọdún 1 péré ni Amẹ́ríkà ń fún yín látọjọ́ tí ẹ ti gbé e síta, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ò tilẹ̀ fúnni tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sanwó fún ayàwòrán tó mọ iṣẹ́ páténtì. Ọdún 15 ni páténtì yẹn máa fi wà lọ́wọ́ yín.