Kí Ló Dé Tí Ato-Eegun Fi Ń Dá Ẹsẹ̀ Adìyẹ?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Màmá wa àgbà, ẹni ọdún 71, yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ nílé wa ní Òjé, n'Ìbàdàn, ẹsẹ̀ wọn sì kán. Baba ato-eegun tí a gbé wọn lọ bá ní ká mú adìyẹ wá. Ó dá ẹsẹ̀ adìyẹ náà lójú wa, ó sì dì í bó ṣe di ti màmá. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé ètùtù ni?"

Àbúrò, màmá kú ewu. Kì í ṣe ètùtù o. Ohun tí a bá fi ṣètùtù kì í padà wá rìn; adìyẹ yìí, rírìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń retí.

Kàlẹ́ńdà ni, ẹlẹ́rìí sì tún ni. Oògùn kan náà ni wọ́n fi pa ẹsẹ̀ méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ni baba pè sí i. Ọjọ́ tí adìyẹ bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò tiro mọ́, ọjọ́ náà ni wọ́n ń tú igi lẹ́sẹ̀ èèyàn. Mo ti jókòó ní irú àgbàlá bẹ́ẹ̀ rí, kò jìnnà sí Bẹẹrẹ. Àkísà aláwọ̀ búlúù tó wà lẹ́sẹ̀ ọlọ́kadà tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, òun náà ló wà lẹ́sẹ̀ adìyẹ tí wọ́n so mọ́ ìdí àga. Ọkùnrin náà kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rárá. Adìyẹ ló ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn baba wa mọ̀ níbẹ̀: eegun ló ń so ara rẹ̀. Igi oparun ò so ó, POP ilé ìwòsàn náà ò so ó, wọ́n kàn ń dì í mú ni. Inú eegun, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń jẹ èyí tó ti gbó, àwọn mìíràn ń mọ tuntun dípò rẹ̀, purotéènì ni wọ́n sì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Èyí tó ń jẹ́ RANKL ló ń pe àwọn tó ń jẹ eegun wá sẹ́nu iṣẹ́. Purotéènì mìíràn, osteoprotegerin, ń gba RANKL mú lójú ọ̀nà kó má bàa dé ibi tó ń lọ. Sclerostin, láti ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó há sáàárín eegun, ń sọ fún àwọn tó ń mọ ọ́n pé kí wọ́n rọra. Tí èèyàn bá ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, sclerostin á dínkù, iṣẹ́ mímọ á sì yá. Nítorí náà, bí baba ṣe máa ń lé aláìsàn dìde bí adìyẹ bá ti rìn, kì í ṣe àṣejù.

Láàárín àwọn Afrikaner, ìyẹn àwọn aláwọ̀ funfun kan ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ìdílé kan wà tí ara àwọn kan nínú wọn kì í pèsè sclerostin. Eegun wọn ki, kì í tètè dá, àmọ́ ti orí náà ń ki débi pé ó ń fún iṣan ojú àti ti etí pa. Ara wọn ni wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n oògùn eegun romosozumab, tó ń dí sclerostin lọ́wọ́, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2019.

Ibi tí n kò ti bá baba lọ ni òǹkà ọjọ́. Ẹsẹ̀ adìyẹ lè so láàárín bí ọ̀sẹ̀ 3. Ojúgun àgbàlagbà lè gba oṣù 3 sí 4, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìyẹ á ti máa ṣa àgbàdo kiri, eegun màmá á ṣì rọ̀. Ti màmá tún yàtọ̀ sí ti ọlọ́kadà. Bí obìnrin bá ti kúrò lẹ́ni tó ń ṣe nǹkan oṣù, họ́mọ̀nù estrogen á lọ sílẹ̀, RANKL á pọ̀ sí i, àwọn tó ń jẹ á wá borí àwọn tó ń mọ. Inú eegun á di bíi kànìnkànìn. Ẹni tó yọ̀ ṣubú lásán tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eegun náà ti fúyẹ́ tipẹ́.

Lálẹ́ òní, fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ màmá. Bó bá tutù, bó bá ń dúdú, tàbí tí wọn ò mọ̀ ọ́n lára, tú igi náà kíá, kó o gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn UCH. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ náà, ẹ lọ ya àwòrán eegun lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ sì ní kí dókítà wo bí àwọn eegun yòókù ṣe lágbára tó.